Orúkọ Ọ̀rẹ́ Rẹ̀ Nínú Kọ̀ǹpútà Tuntun

Nínú takisí tó ń ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Odogbolu ni mo ti gbọ́ tí ìyá àgbà kan bi ṣọ́jà tó jókòó tì í pé, "Ọmọ mi, kí ló dé tójú ẹ pọ́n báyìí?"

"Mà, kọ̀ǹpútà tuntun ni wọ́n fẹ́ máa fi sanwó gbogbo ṣọ́jà. Àwa là ń kó orúkọ sínú ẹ̀. Ẹni tó bá ti kú, a ó kọ ọ́ síbẹ̀, kí ẹbí ẹ̀ lè rí ẹ̀tọ́ ẹ̀ gbà. Lánàá, mo kan orúkọ ọ̀rẹ́ mi."

"Háà! Ṣé o rí i kọ?"

"Ọ̀gá mi ní kí ẹlòmíì bá mi kọ ọ́. Mo kọ̀. N ò fẹ́ kó jẹ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ló máa sọ pé ó ti kú."

Ìyá náà di ọwọ́ ẹ̀ mú. Ó ní, "O ṣeun," bí ẹni pé òun ló bí ẹni tó kú.