Ìró Odó Kò Lé Ọkọ Mi Sá Mọ́

Ẹ bá mi yin Olúwa, ẹ̀yin ará Manigri. Alelúyà! Ẹ̀rí mi kò gùn, àfi tí ẹkún bá gbà mí lẹ́nu.

Gbogbo yín lẹ mọ ọkọ mi, Bàbá Rẹ̀mí, sójà tó lọ ṣọ́ ààlà lápá òkè. Ó padà dé láìní ọgbẹ́ kankan lára. Bí a ti máa ń ṣe, ìyá rẹ̀ pe àwọn obìnrin ilé jọ kí wọ́n gúnyán kí i káàbọ̀. Odó kún àgbàlá, gbogbo rẹ̀ ń ró gbì, gbì. Kí n tó ṣẹ́jú, ọkọ mi ti fa ìyá rẹ̀ lulẹ̀, ó sì fi ara bò wọ́n. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé eré ni. Èmi rí ojú rẹ̀, mo mọ̀ pé ìró bọ́ǹbù ló gbọ́, ẹ̀rù bà mí.

Láti ìgbà náà, mi ò gúnyán nílé mọ́. Iṣu sísè là ń jẹ, ní Manigri tí a ti ń fi iṣu yangàn. Ìyá ọkọ mi ní ọ̀lẹ ni mí. Mi ò lè dá wọn lóhùn, torí ọkọ mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Bí ará ilé kejì bá sì gbé odó ní ìrọ̀lẹ́, á sá wọ inú oko igi kajú lọ. Nígbà tó yá, ó ní bí òun bá tún jáde lọ, òun ò ní padà wálé mọ́, kí n má retí òun.

Mo gbààwẹ̀, mo sunkún. Àwọn kan ní ẹ̀mí òkùnkùn ló ń bá a jà. Ọpẹ́lọpẹ́ Pásítọ̀ wa. Wọ́n gbàdúrà fún un tán, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọkàn rẹ ló fara pa. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ló ṣẹ́, ṣé o ò ní lọ ilé ìwòsàn ní Bassila?"

A lọ Bassila. Dókítà kan wà níbẹ̀ tó ń tọ́jú ọkàn, obìnrin jẹ́jẹ́. Ó máa ń kó àwọn sójà àti àwọn pọ́mpíyè tí ń paná jọ, kí wọ́n sọ ohun tójú wọn rí. Àwa a máa ní bójú bá rí, ẹnu a dákẹ́. Dókítà ní dídákẹ́ yẹn gan-an ló ń jẹ wọ́n nínú. Ọkọ mi pàdé pọ́mpíyè kan tí kò lè gbóòórùn èéfín oko mọ́, ló bá mọ̀ pé òun nìkan kọ́. Ọjọ́ náà ló rẹ́rìn-ín nígbà tí à ń bọ̀ wálé.

Dókítà ní ká gbé odó òfìfo síwájú rẹ̀, kó máa wò ó, kó máa mí jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kí n máa fi ọmọ odó kan inú odó náà fẹ́ẹ́rẹ́, kó jẹ́ òun ló ń sọ ìgbà tí n ó dúró. Ìyá ọkọ mi rí wa, wọ́n ní orí wa ti dàrú. Nígbà tí ọmọ wọn ṣàlàyé fún wọn fúnra rẹ̀, wọ́n sunkún, wọ́n sì bá wa jókòó ti odó.

Àwọn ọjọ́ kan ṣì ń le, ó sì ń lọ Bassila síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣu tuntun jáde, mo ń gún díẹ̀díẹ̀, mo ń ṣọ́ ojú rẹ̀, ló bá dìde, ó gba ọmọ odó lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Ìyá Rẹ̀mí, kúrò ńbẹ̀. Kókó ti pọ̀ jù nínú iyán rẹ."

Ẹ̀yin ará, ó bú iyán mi, mo sì ń jó.

Ẹ bá mi fi ògo fún Ọlọ́run. Ẹ tún fetí sílẹ̀: ìró tí ẹ ti ń gbọ́ lẹ́yìn ilé ìjọsìn láti àárọ̀, tí ẹ rò pé àwọn obìnrin ló ń gún iyán ìdúpẹ́, ọkọ mi ni. Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ìwàásù má pẹ́ jù, kí iyán má tutù.