Irin Àfiwé Kan Tó fún Ọjọ́ Kan

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ètò kọ̀ǹpútà yìí, ẹ má tíì tẹ nǹkan kan. Ẹ fìdí balẹ̀ ná. Ojú ewé ìlànà ètò tí ẹ ń kà yìí ti wà níbí rí. Èmi ni mo pa á rẹ́ ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, mo sì mọ ìdí tí mo fi pa á rẹ́. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ tó ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a, inú mi sì dùn débi pé bí mo bá ní agogo, ǹ bá máa lù ú káàkiri. Ẹni tó bá ń wá ẹkún nínú ìjẹ́wọ́, kó lọ ka ìwé ẹlòmíràn. Mo ti sunkún tèmi tán.

Ìyá Àtúnṣe ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ètò yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nínú yàrá kékeré kan tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí, níbi tí ẹ̀rọ omi tútù ti máa ń kùn lẹ́yìn ògiri. Ẹni tí ètò bá dákú mọ́ lọ́wọ́ á wá kan ilẹ̀kùn mi. Màá yí àga mi padà díẹ̀díẹ̀, màá bi í léèrè ohun tó fọwọ́ kàn. Á ní òun ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Màá wò ó, màá rí i pé ó fọwọ́ kàn án. Ká sòótọ́, mo fẹ́ràn ìgbéraga yẹn ju oúnjẹ lọ.

Fún ẹni tó jẹ́ àlejò nínú iṣẹ́ wa, kò le. A máa ń gbé nǹkan síwájú ìtànṣán ẹ́ksírè, a ó máa fi agbára kún ìtànṣán náà díẹ̀díẹ̀, ètò yìí á sì máa ya ìlà tó ń sọ bí nǹkan náà ṣe ń gbé ìtànṣán mì. Ó níbì kan tí ìlà náà á ti fò sókè lójijì. Ibi tó ti fò yẹn ló máa sọ fún wa irú ipò tí irin inú nǹkan náà wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtànṣán máa ń yẹ̀ díẹ̀ lójoojúmọ́, bí aago ara ògiri ṣe máa ń yẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wọn irin gidi kan, tó fẹ́lẹ́ bíi bébà, tí gbogbo ayé ti mọ ibi tó yẹ kí ìlà tirẹ̀ ti fò. Irin àfiwé là ń pè é. Iye tí òun bá fi yẹ̀ la ó yọ kúrò lára gbogbo ohun tí a wọ̀n lọ́jọ́ náà. Gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Ìbejì ni ẹni tí mo ṣẹ̀. Onímọ̀ kẹ́mísírì ni, mo fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, ẹ̀gbọ́n ló sì ń pè mí. Ó ń ṣe ìyẹ̀fun pupa kan tó lè fa májèlé kúrò nínú omi kànga. Bí irin inú ìyẹ̀fun náà bá yí ipò padà nígbà tó pàdé májèlé, ó ti mú un nìyẹn. Bí kò bá yí padà, eruku lásán ni. Ìyá Ìbejì ní ìwà kan tí mo fi máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: láti ẹ̀yìn ló ti máa ń ṣí fáìlì. Tó bá wọn nǹkan láti àárọ̀ dalẹ́, ti ìrọ̀lẹ́ ló máa kọ́kọ́ ṣí, á wá máa padà bọ̀ sí ti àárọ̀. Ó ní òun ò lè mú sùúrù kóun tó mọ bí ọjọ́ ṣe parí.

Ẹ̀rọ ìtànṣán náà kì í ṣe tiwa. A máa ń tò fún un ni, ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n sì fún Ìyá Ìbejì lọ́dún náà. Kó tó lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní irin àfiwé ń jẹ òun lákòókò, pé ẹ̀ẹ̀mélòó ló yẹ kóun máa wọ̀n ọ́n. Mo mu tíì mi, mo ní ọ̀kan tó fún ọjọ́ kan, kó fi bẹ̀rẹ̀ àárọ̀, ètò mi á fi tún ìyókù ṣe. Mo tún kọ ọ́ sójú ewé yìí gan-an.

Ó lọ, ó dé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó kó ìwé méjì wá sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, fáìlì kan náà ni mo fún un, ìdáhùn méjì ló fún mi. Lọ́jọ́ Ajé ó ní irin yí padà. Lónìí ó ní kò yí padà." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó fi sílẹ̀ fún mi. Kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí mo fi rí i. Kóòdù tèmi ni. Bí fáìlì kan kò bá ní irin àfiwé nínú, dípò kí ètò wá ti ọjọ́ náà, èyí tó bá wà nílẹ̀ láti ara fáìlì tí wọ́n ṣí kẹ́yìn ló ń lò. Ẹni tó bá ń ṣí i láti àárọ̀ lọ kò lè mọ̀ láéláé, torí ti àárọ̀ ló ń ṣíwájú. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá wa ló jókòó tì í tó ń bá a ṣí i, láti àárọ̀ lọ. Nígbà tó dá ṣí i fúnra rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ti ọjọ́ mìíràn, ti iṣẹ́ ẹlòmíràn, ni ètò mi gbé lé e lórí.

Mo lè tún un ṣe kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, láàbù mọ́kànlá ń dúró de ètò mi, orúkọ mi sì ti wà níwájú rẹ̀ gàdàgbà. Kí n wá lanu sọ pé ètò Ìyá Àtúnṣe ń da ọjọ́ ẹnì kan pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn? Ẹnu mi kọ̀. Ẹ wo àgbàlagbà. Mo bá tún un ṣe bí ojo ṣe ń tún nǹkan ṣe: mo ní kí ètò máa kọ̀ láti ṣí fáìlì èyíkéyìí tí kò bá ní irin àfiwé nínú. Mo yí déètì rẹ̀ padà kó lè dà bíi pé ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Mo wá pa ojú ewé yìí rẹ́. Lọ́jọ́ kejì, nínú fáìlì méjìlélógójì tí Ìyá Ìbejì ní, mẹ́ta péré ló ṣí.

Ọ̀gá pe ìpàdé. Mo ṣàlàyé jẹ́jẹ́ pé fáìlì wọ̀nyẹn kò ní irin àfiwé, pé ẹni tó bá rí ìdáhùn nínú wọn, àfi kó jẹ́ pé ó fọwọ́ ti ìlà síbi tó wù ú. Mo tún fi ti alárékérekè kún un, mo ní mi ò kúkú sọ pé ó ṣe é o. Ìyá Ìbejì wò mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ló sọ fún mi pé ọ̀kan tó fún ọjọ́ kan." Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Ife tíì ń jó mi lọ́wọ́.

Mo ní, "Èmi kọ́."

Kò bá mi jiyàn. Ohun tó sọ kò ju "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n" lọ. Ẹ gbọ́ o, ó ṣì pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí oṣù parí ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìgò ìyẹ̀fun pupa rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù fún ọdún mẹ́fà, àwọn èèyàn sì ń pọn omi kànga wọ̀nyẹn mu. Mo mọ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń kọjá níwájú kọ́bọ́ọ̀dù náà.

Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọkàn mi dá mi dúró lórí àtẹ̀gùn, wọ́n gbé mi lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Láràárọ̀ ni nọ́ọ̀sì máa ń wọ̀n wá, obìnrin mẹ́fà lórí ìlà. Kí ẹnikẹ́ni tó gorí ìwọ̀n, nọ́ọ̀sì náà á tẹ bọ́tìnnì, á dúró títí yóò fi fi òdo hàn. Mo ní kí ló ń dúró dè, ṣebí kò sẹ́nì kankan lórí ẹ̀. Ó ní, "Màmá, mi ò mọ ẹni tó gùn ún kẹ́yìn. Ìwọ̀n ẹni tó ti lọ ò gbọdọ̀ wà lára yín." Orí ìwọ̀n náà ni mo ti bú sẹ́kún. Ó rò pé ojú ọgbẹ́ ló ń dùn mí.

Nígbà tí mo délé, mo ní kí àkọ́bí mi wá dísìkì àtijọ́ mi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Fáìlì Ìyá Ìbejì wà níbẹ̀, gbogbo méjìlélógójì. Mo fi ọjọ́ mẹ́sàn-án kọ kóòdù pẹ̀lú ìrọ̀rí láyà. Ní báyìí ètò á wo déètì fáìlì, á lọ wá irin àfiwé ọjọ́ náà fúnra rẹ̀ kó tó ya ìlà kankan. Mo ṣí wọn láti àárọ̀ lọ: irin yí padà. Mo ṣí wọn láti ẹ̀yìn: ó yí padà. Mo dà wọ́n rú bíi káàdì: ó yí padà. Àwọn ìlà náà bára wọn mu rẹ́gí. Mo kígbe débi pé ọkọ mi sá jáde nílé ìwẹ̀ tòun ti ọṣẹ lójú, ó rò pé ọkàn mi tún ti dé. Mo ní rárá, Ìyá Ìbejì ló jàre! Wọ́n ti yìn mí púpọ̀ láyé yìí, ṣùgbọ́n kò sí ìyìn tó dùn tó ọjọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi fi hàn pé èmi ni mo jẹ̀bi.

Mo lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá. Ó gbé fóònù, ó pe Ìyá Ìbejì. Obìnrin náà wọlé sínú yàrá ìpàdé kan náà, ẹfun ṣọ́ọ̀kì wà lápá aṣọ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ fún àbúrò mi níwájú gbogbo wọn. Ó ní kí n dìde nítorí ọgbẹ́ mi. Ó fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn fáìlì náà. Ṣé ó tún yẹ kí n sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀? Láti ẹ̀yìn ni. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé orí ti àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó fọwọ́ lu tábìlì, ó rẹ́rìn-ín débi pé àwọn tó ń kọjá níta yọjú wò wá.

Ó ti padà sí láàbù láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìyẹ̀fun pupa ti jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n máa dà á sínú kànga àkọ́kọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti kọ̀wé sí àwọn láàbù mọ́kànlá. Méjì ti ní àwọn ò fẹ́ ètò mi mọ́, wọn ò sì jẹ̀bi. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kóòdù, bí ẹnì kan bá sọ pé ètò yín fún òun ní ìdáhùn méjì, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín bí mo ṣe rẹ́rìn-ín. Àṣìṣe inú ètò, ọ̀sán kan ló ń gbà. Èyí tó jáde lẹ́nu mi gba ọdún mẹ́fà. Ẹ̀yin tí ẹ mu omi wọ̀nyẹn, mo bẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí.

Mo tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì náà. Ó ní, "Mi ò tíì bínú tán, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kọ ọ́ síbi tẹ́ ẹ ti pa á rẹ́ ná."

Ibí ni. Irin àfiwé kan tó fún ọjọ́ kan. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.