Orúkọ Tí Mo Tẹ̀ fún Ọmọ Ọlátúnjí

Ẹ gbọ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò dùn-ún sọ, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó, torí ọ̀rọ̀ dídùn wà lára ohun tó bà mí jẹ́. Gbogbo ìlú Ìbà níbí ló ń pariwo pé tí ọdún 2000 bá wọlé, gbogbo kọ̀ǹpútà ni yóò gbàgbé ọjọ́. Kí wọ́n gbàgbé. Èmi mọ ìgbà tí Màmá Ọlátúnjí kú, irọ́ sì ni ìgbà tí a sọ fún ọmọ wọn.

Àníkẹ́ ni mí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Kọ̀ǹpútà, ojú ni mo fi kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń gbálẹ̀ l'Álàbá, kó tó di pé ọ̀gá kan gbà mí síbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé n'Ìbà, tí wọ́n sì ń fi wáyà tẹlifóònù wọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí àwọn oníbàárà wa fẹ́ràn jù ni mIRC. Kò sí ohùn níbẹ̀, kò sí àwòrán. Wàá yan orúkọ kan, wàá wọ yàrá tí àwọn ọmọ Yorùbá òkè òkun ń péjọ sí, orúkọ gbogbo yín á tò sápá ọ̀tún, ẹ ó sì máa tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra yín. Tó o bá tẹ orúkọ ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì, fèrèsé kékeré á ṣí tó jẹ́ ti ẹ̀yin méjèèjì nìkan.

Màmá kò mọ̀wé. Ọlátúnjí, àbígbẹ̀yìn wọn, wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Lọ́sàn-án Sátidé, Màmá á dé láti Okokomaiko pẹ̀lú gèlè tó dáa jù tí wọ́n ní. Mo ní, "Màmá, kò lè rí yín o." Wọ́n ní, "Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Tó bá wá rí mi ńkọ́?" IyaTunji ni orúkọ tí mo yàn fún wọn. Wọ́n á sọ, èmi á tẹ̀. "Sọ fún un kó jẹun. Bi í pé kí ló jẹ." Mo ní, "Ẹ ti bi í lẹ́ẹ̀kan, Màmá." "Tún un bi! Ṣé owó ẹnu mi lò ń san ni?" Gbogbo ọ̀rọ̀ wọn kò ju ìyẹn lọ. Tí Ọlátúnjí bá ti fèsì, wọ́n á fi ìka kan gíláàsì kọ̀ǹpútà níbi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà, bí ẹni ń kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ.

Nígbà ọyẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni ẹ̀jẹ̀ ríru gbé Màmá lọ. Ọ̀tọ̀-Àwórì ni wọ́n sin wọ́n sí. Lẹ́yìn ìsìnkú, Bọ̀dá Fọlọ́runṣọ́, àkọ́bí wọn tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, wá bá mi. Ojú wọn ti wú. "Àníkẹ́, má sọ fún Túnjí o. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde. Tó bá gbọ́, á sáré wálé; tó bá wálé, wọn ò ní jẹ́ kó padà. Ìyàwó rẹ̀ sì ti lóyún." Mo ní, "Kí ni kí n máa wá sọ fún un?" Wọ́n ní, "Ohun tí Màmá máa ń sọ ni kó o máa sọ. Tó bá ti ṣe ìdánwò rẹ̀ tán, àgbà kan á lọ sọ ọ́ fún un lójúkojú." Bẹ́ẹ̀ la máa ń ṣe, ẹ̀yin náà mọ̀. A kì í já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu ẹni tó wà lájò. Mi ò dá Bọ̀dá lẹ́bi.

Nínú mIRC yẹn, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni orúkọ. Mo tẹ IyaTunji, ẹ̀rọ náà kò bi mí pé ìwọ ta ni. Ọlátúnjí ní, "Ẹ káàsán, Màmá mi." Mo dá a lóhùn. Níbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan ni mò ń tẹ̀. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi tèmi sí i. Mò ń pè é ní adé orí mi, mò ń pè é ní ìtùnú ọjọ́ alẹ́ mi. Ó ní, "Màmá, ẹ ti wá mọ ọ̀rọ̀ sọ o! Àbí Àǹtí Àníkẹ́ ló ń kọ́ yín?" Mo tẹ̀ ẹ́ pé, "Àgbà ló dé." Ó rẹ́rìn-ín. Mo ti lóyún rí, kò dúró. Mi ò bí kankan. Mo wá rí ẹni tó ń pè mí ní Màmá. Ẹ wo ìwà! Mo wá ń retí Sátidé ju bí Màmá fúnra wọn ṣe ń retí rẹ̀ lọ.

Nígbà òjò, Ọlátúnjí já wọ fèrèsé wa: "Màmá! Ìyàwó mi ti bí! Obìnrin ni! Ẹ̀yin ni mo fi orúkọ sílẹ̀ fún. Kí la máa pè é?" Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá, ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú ìyá àgbà, orúkọ rẹ̀ ti ń dúró dè é. Yétúndé ni. Màmá ti padà dé. Mo tẹ Y, mo tẹ e. Mo dúró. Tí mo bá parí rẹ̀, Ọlátúnjí á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ò ní ìyá mọ́. Mo pa á rẹ́. Mo lè ní kó jẹ́ kí n rò ó, kí n sì sáré lọ bá Bọ̀dá Fọlọ́runṣọ́. Mo lè pa ẹ̀rọ, kí n ní iná ló lọ. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí, kò sẹ́ni tó rán mi. Mo tẹ Mojisola. Orúkọ tí mo ti tọ́jú pamọ́ fún ọmọ tèmi ni. Ọlátúnjí ní, "Ó dùn, Màmá. Ẹ ṣé." Mo sunkún sórí kíbọ́ọ̀dù, ayọ̀ sì wà nínú ẹkún náà. Ayọ̀ yẹn ló burú jù.

Lẹ́yìn ìdánwò rẹ̀, àgbà kan nínú ìjọ wọn lọ́hùn-ún sọ fún un pé Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Bọ̀dá ní ká jọ fẹnu kò síbẹ̀, kó má baà mọ̀ pé a tan òun. Mo gbà.

Ìwé ìgbélùú rẹ̀ wá jáde, ó sì wálé Kérésì yìí pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Òun àti ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. "Àǹtí Àníkẹ́, ẹ̀yin lẹ jókòó ti Màmá lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n ṣáà gbọ́ nípa rẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Ìyẹn ni mo fi ń tu ara mi nínú." Kí n tó lanu, ọmọ náà na ọwọ́, ó fi ìka kan gíláàsì kọ̀ǹpútà.

Mi ò lè gbé e mì mọ́. Mo ní, "Ọlátúnjí, jókòó." Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Ìyàwó rẹ̀ wá gba ọmọ lẹ́sẹ̀ mi. Ọlátúnjí wo kọ̀ǹpútà náà. Ó wá ní, "Àǹtí, nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, èwo ni ti Màmá mi?" Mo ní, "Títí di ọyẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, gbogbo ibi tí wọ́n ti ní kó o jẹun. Gbogbo èyí tó dùn, èmi ni." Ó gbé orí lé tábìlì, ó sunkún bí ọmọdé.

Kò tíì dárí jì mí. Bọ̀dá Fọlọ́runṣọ́ kò dáhùn ìkíni mi mọ́. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, tí àgbà bá ní kí ẹ bá òun tẹ ọ̀rọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn. Tí wọ́n bá ti dákẹ́, ẹ gbé ọwọ́ kúrò.

Láàárọ̀ yìí, ìyàwó Ọlátúnjí gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, ó pọn ọmọ. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ọmọ ń ké, ó sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún: "Ó tó, Yétúndé, ó tó." Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo gba Mojísọ́lá mi padà.