Ìtọ̀ Tí Mo Dà Sí Ọgbà Ayé Tuntun

Òmùgọ̀ ni mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Èmi Láníkẹ́, arúgbó ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ní Òkukù, tí ìdí mi ń dá àga lóró, èmi ni mo ń tọ̀ sí ọgbà tí gbogbo ayé ń tìtorí rẹ̀ yin ọmọ-ọmọ mi. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀mí èèyàn wọ̀ ọ́, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gbé e mì.

Olúwadárasími ni ọmọ náà. Ọwọ́ mi ló ti mu ẹ̀kọ dàgbà. Ó kàwé títí ó fi wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń wá ilé tuntun fún ọmọ aráyé lójú òfúrufú, nítorí wọ́n ní ayé yìí ti gbóná jù. Wọ́n kó erùpẹ̀ pupa kan fún un, tí wọ́n pò kó lè jọ ti ìràwọ̀ tí wọ́n ń lọ. Erùpẹ̀ tó ti kú ni. Ekòló ò lè gbé inú rẹ̀. Wọ́n ní bó bá mú tẹ̀tẹ̀ hù níbẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, yóò wà lára àwọn tó máa kọ́kọ́ lọ. Abẹ́ àtíbàbà ní ẹ̀yìnkùlé mi ló gbìn ín sí.

Mo ní, "Ìgbà wo lẹ máa padà?"

Ó ní, "Ìyá àgbà, àlọ láìbọ̀ ni o."

Mi ò fẹ́ kó lọ, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ́ fún un. Mo wọ mọ́tò lọ bá Rọ́fíàt ọ̀rẹ́ mi ní Inísà. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Láníkẹ́, ìwọ náà! Ṣé o ò rí bí ìtọ̀ ewúrẹ́ ṣe ń jó ẹ̀fọ́ ni? Tọ̀ sí i! Bí tẹ̀tẹ̀ bá kú, ọmọ ẹ á jókòó."

Ẹ wo àgbà méjì! Láràárọ̀ tí Dárasími bá ti lọ sí ìpàdé àdúrà, màá gbé póò ìtọ̀ mi, ó di ẹ̀yìnkùlé. Bí òun náà bá dé, á bu omi rẹpẹtẹ wọ́n ọn. Mi ò mọ̀ pé ńṣe ló ń bá mi fomi lú u, tí ìtọ̀ náà sì ń di ajílẹ̀ fún tẹ̀tẹ̀. Nígbà tí tèmi ò tó mọ́, Rọ́fíàt gbé tiẹ̀ wá nínú kẹ́ẹ̀gì. Awakọ̀ tó gbé e wá bi í pé, "Àlàájà, kí lẹ gbé dání?"

"Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni."

"Ẹ bù ú fún mi kí n tọ́ ọ wò, ìdí ń dà mí láàmú."

"Ti obìnrin ni!" Rọ́fíàt gbá kẹ́ẹ̀gì mọ́ra bí ọmọ tuntun.

Ìgbà tí oṣù mẹ́ta pé, ewé tẹ̀tẹ̀ wa fẹ̀ bí àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Ti àwọn yòókù tí wọ́n fún ní erùpẹ̀ kan náà láwọn ìlú mìíràn ti rọ pátá. Wọ́n bá mú Dárasími. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ti ọmọ mi sókè ọ̀run!

Ibi tó burú jù nìyí. Ọmọ náà kọ̀wé sí ọ̀gá wọn pé erùpẹ̀ yẹn ò fẹ́ ajílẹ̀ kankan, omi nìkan ti tó. Wọ́n sì yọ ajílẹ̀ kúrò nínú ẹrù ọkọ̀. Mo gbọ́ ọ, mo dákẹ́, mo tún jó! Ojú ń tì mí. Mo fẹ́ jẹ́ kí ebi pa ogún èèyàn tó ń lọ náà ní ibi tí kò sí ẹni tó máa bù fún wọn, nítorí kí wọ́n má baà mọ̀ pé mò ń tọ̀ kiri.

Ọjọ́ tí wọ́n ń dágbére fún un ní Ìkìrun ni mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo dìde láàárín èrò, mo tú gbogbo àṣírí náà.

Dókítà Adéníyì tó jẹ́ ọ̀gá wọn lajú sílẹ̀. "Màmá, ìtọ̀?"

"Ìtọ̀ ni, sà. Tèmi àti ti Àlàájà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngán hó yèè. Ó ní, "Ẹ dá ajílẹ̀ padà sínú ọkọ̀ kíákíá! Màmá, ẹ̀yin lẹ yọ wá lọ́wọ́ ikú."

Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tí ń ké. Mo ní kí wọ́n foríjì mí. Mo ní kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ṣọ́ àwa àgbà, pàápàá èyí tó bá fẹ́ràn yín jù. Èmi náà ti ń rẹ́rìn-ín ara mi nígbà tí Dárasími wá kúnlẹ̀ tì mí, ẹ̀rín àti omijé pọ̀ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá àgbà, ṣé ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá kàn ní kí n má lọ, mi ò ní lọ?"