Irun Àgùntàn Tí Mo Yọ Nínú Apó Muheez

Ẹ jẹ́ kí n tètè wí i kí ojora tó tún mú mi: Bàbá Sàlàkọ́ oníṣẹ́ awọ kò jẹ̀bi. Èmi ni. Èmi Abọ́sẹ̀dé, ọmọ-ọmọ Bàbá Àkànmú ọdẹ ní Ìbà, èmi tí àwọn àgbà máa ń fi bá ọmọ wọn wí pé, "Ẹ ò rí Bọ́sẹ̀ bí? Kì í sọ̀rọ̀, kì í rìn ìrìnkurìn." Ohun tí ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ yìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ bò mọ́lẹ̀, òun ni mo fẹ́ tú síta. Ó ṣì ń yà mí lẹ́nu pé èmi ni mo ṣe é.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Àkànmú ni mo dàgbà sí. Ilé ni wọ́n ti kọ́ mi ní ìwé, ẹsẹ̀ Bàbá ni mo sì jókòó sí tí mo fi kọ́ èyí tó kù. Ọrun àti ọfà ni Bàbá fi ń dọdẹ títí dòní. Kì í ṣe pé kò ní ìbọn rí, ṣùgbọ́n bí ilé ṣe kún Ìbà dé ẹ̀yìn ẹ̀sítéètì tí à ń gbé yìí, ta ni yóò yìnbọn tí ọlọ́pàá ò ní bá a délé? Ọfà kì í pariwo. Ó lè mú ọ̀yà nínú koríko lápá Ọ̀tọ̀-Àwórì kí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n nítòsí ibẹ̀ má mọ̀.

Apó ẹ̀yìn tí ọdẹ ń kó ọfà sí ni Bàbá máa ń wò kó tó wo ọdẹ fúnra rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mú apó, Bàbá á ní kó kọ́kọ́ ki ọfà bọ̀ ọ́. Igi ọfà gbọ́dọ̀ wọlé tán, kí ìyẹ́ nìkan yọ léjìká ọ̀tún, kí ọwọ́ lè bá a láìwẹ̀yìn. Ẹnu apó kò gbọdọ̀ fún kí ó má baà họ ìyẹ́, kò sì gbọdọ̀ gbòòrò kí ọfà má baà máa jó nínú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ wà gan-an. Awọ àgùntàn tí irun rẹ̀ ṣì wà lára ni wọ́n ń rán síbẹ̀. Irun náà ló ń di irin ọfà mú, òun ni kì í jẹ́ kó máa dún ṣaka-ṣaka kí ẹran gbọ́. Bàbá á ní, "Apó tó bá ń sọ̀rọ̀, ebi ló ń gbé wálé."

Ìdánwò ìkẹyìn ni ìdọ̀bálẹ̀. Ní ilé wa, wọ́n á gbé apó tó kún fún ọfà kọ́ ọdẹ lẹ́yìn, wọ́n á ní kó dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, kó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, kó má di apó mú. Bí ọfà kan ò bá yọ, apó dára. Bí wọ́n bá dà lé e lórí, ẹ̀rín dé. Kì í ṣe eré lásán o, nítorí igbó náà ń mú èèyàn dọ̀bálẹ̀ lábẹ́ ẹ̀gún àti lábẹ́ igi tó wó.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀ kí Bọ̀dá Muheez tó mọ̀ ọ́n. Ọmọ Àǹtí Àṣàkẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni Bọ̀dá Muheez. Ó ń tún fóònù ṣe ní Alábà, ìgbà tí àyè bá gbà á nìkan ló ń wá bá Bàbá lọ sígbó. Èmi ni mò ń pọ́n irin ọfà. Èmi ni mò ń lẹ ìyẹ́. Bí ó bá sì bá mi níbi tí mo ti ń fi òróró pa awọ, á bú sẹ́rìn-ín: "Ìyàwó apó! Ṣé ọkọ yín ti jẹun?" Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn, ẹ bá mi fi ojú burúkú wò ó, nítorí mò ń kùn sínú.

Lọ́jọ́ kan Bàbá ní òun ti ní kí Bàbá Sàlàkọ́ ní Okokomaiko rán apó tuntun, pé Muheez ni òun máa gbé e kọ́ lẹ́yìn níwájú àwọn ọdẹ, kó lè máa darí ọdẹ ilé wa. Abọ́ ni mò ń fọ̀. Mo ní, "Ẹ kú oríire, Bọ̀dá." Ẹnu mi ló wí i. Mi ò sọ fún Bàbá pé èmi náà fẹ́ ẹ. Mi ò sọ ọ́ rí, mo kàn rò pé ó yẹ kí ó mọ̀.

Nígbà tí apó dé, wọ́n gbé e fún mi kí n fi òróró pa á. Ó rẹwà! Mo ki ọwọ́ sí ìsàlẹ̀, irun àgùntàn gbá mi lọ́wọ́ mú jẹ́jẹ́. Ẹ gbọ́ o, ó wà níbẹ̀. Bàbá Sàlàkọ́ rán an pinpin, kódà ó ṣòro fún mi láti tú. Bíléèdì ni mo fi gé òwú rẹ̀, mo fa irun náà yọ, mo sì fi òrí pa inú apó kí ọfà lè máa yọ̀. Ẹ̀rín ni mò ń wá. Mo fẹ́ kí ọfà dà lé e lórí, kí àwọn ọdẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́, kí Bàbá gba apó padà. Mi ò wá ẹ̀jẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo pọ́n irin wọ̀nyẹn fúnra mi, ta ni mo fẹ́ sọ fún pé mi ò mọ̀ pé wọ́n mú?

Mo sun irun náà nínú àdògán. Àǹtí Àṣàkẹ́ ké láti inú yàrá: "Bọ́sẹ̀, kí ló ń rùn bí orí ewúrẹ́ yìí?"

"Ìyẹ́ adìẹ ni, Àǹtí."

"Ṣí fèrèsé, jàre. O fẹ́ fi èéfín pa wá."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àwọn ọdẹ pé. Bọ̀dá Muheez wọ dàńṣíkí, ó gbé apó kọ́, ó ṣẹ́jú sí mi: "Ìyàwó apó, ẹ má bínú, mo gba ọkọ yín o." Ó sì dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Àkànmú.

Mo gbọ́ ìró náà, ṣàà, bí ìgbà tí wọ́n da ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ọfà ń yọ̀ gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹ̀rín sọ. Ó gbàgbé àṣẹ, ó na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn kó lè gbá wọn mú. Ìyẹ́ kọ́kọ́ gba inú ọwọ́ rẹ̀ kọjá, igi tẹ̀ lé e, irin ló kẹ́yìn, òun ló gé e. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu àwọn kan nígbà tí ó ké pé, "Màmá mi! Ọwọ́ mi o!" Mo dúró bí òpó. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lára dàńṣíkí yẹn, mi ò lè sún.

Ní ọsibítù wọ́n ní iṣan ti já. Wọ́n rán an, ṣùgbọ́n ìka ìfábẹ̀lá àti ti àárín kò ká mọ́ títí dòní. Ẹni tó ń fi ìka tú nóòtù inú fóònù, èyí tó kéré bí irúgbìn tẹ̀tẹ̀!

Kì í ṣe ibẹ̀ ló burú jù. Nígbà tí wọ́n dé láti ọsibítù, wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá Sàlàkọ́, Bàbá sì ki ọwọ́ bọ apó níwájú rẹ̀. "Sàlàkọ́, irun dà?"

Ẹnu ya Bàbá Sàlàkọ́. "Mo rán an sí i, Àkànmú. Mo rán an... àbí mi ò rán an ni?"

Bàbá kọjú sí mi. "Abọ́sẹ̀dé, ìwọ lo fi òróró pa á. Ṣé o bá irun nínú rẹ̀?"

Ẹ̀yin èèyàn, àyè ìrònúpìwàdà nìyẹn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Rárá, Bàbá. Mi ò bá irun kankan."

Ọdẹ kan ní, "Ó parí. Ọmọ yìí ò mọ irọ́ pa."

Bọ̀dá Muheez gbé ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé sókè. "Bàbá afọ́jú! Ẹ ò ríran, ẹ ò jẹ́wọ́! Ọjọ́ tí mo bá tún rí yín ní ilé yìí, màá gbàgbé pé ẹ ju bàbá mi lọ!"

Bàbá Sàlàkọ́ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ó lè jẹ́ pé ojú ló tàn mí," ó wí, ó sì jáde. Láti ọjọ́ náà, àwọn ọdẹ kò gbé iṣẹ́ lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló wá. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kò wọlé. Ó na àpò kan sí mi. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ àti irin tó fi ń lu awọ ló wà nínú rẹ̀. "Gbà, ọmọ mi. Ojú tìrẹ ṣì dá. Mi ò fẹ́ gé ọmọ ẹlòmíràn mọ́."

Èmi ló kó o fún! Orí mi fò lọ. Mo sáré tẹ̀ lé e, mo kúnlẹ̀ létí gọ́tà níbi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti ń pèrò, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Àwọn èrò ń wò mí, mi ò bìkítà.

Ó tẹjú mọ́ mi. "Irun náà wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá."

"Mo rán an?"

"Ẹ rán an. Bíléèdì ni mo fi tú u."

"Tún un wí."

Mo tún un wí. Ó jókòó sórí òkúta, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ojoojúmọ́ ni mò ń tún apó yẹn rán nínú orí mi, tí mò ń wá ibi tí abẹ́rẹ́ mi ti fò. Kò fò. Kò fò!" Lẹ́yìn náà ó nu ojú. "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́ lo purọ́ fún. Ibi tí o ti pa á ni kí o lọ tú u."

Mo lọ tú u níwájú àwọn ọdẹ. Bàbá wò mí títí. "O ò bèèrè apó lọ́wọ́ mi rí," ó wí. "Ká ní o bèèrè ni, bóyá màá kọ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ ni màá wò kọ̀."

Mo rò pé Bọ̀dá Muheez á gbá mi létí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ ìka rẹ̀ rárá. Ó ní, "Bọ́sẹ̀, o jókòó níbẹ̀, o jẹ́ kí n pe àgbàlagbà ní afọ́jú?" Ó wọ bàtà, ó gba Okokomaiko lọ láti lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Sàlàkọ́. Láti ìgbà náà kò tíì pè mí ní orúkọ kankan.

Bọ̀dá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí. Mi ò ní kí ẹ yára. Ẹ̀yin ọdẹ Ìbà, ẹ gbé iṣẹ́ yín padà fún Bàbá Sàlàkọ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin ọmọ jẹ́jẹ́ bíi tèmi, tí wọ́n ń yìn nítorí ẹ kì í sọ̀rọ̀, mo bẹ̀ yín, ohun tí ẹ bá fẹ́, ẹ fi ẹnu bèèrè rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé rárá, á dùn yín. Ṣùgbọ́n rárá kò gé ìka ẹnikẹ́ni rí.