Àyà Kẹ́hìndé ni Dókítà Yẹ̀ Wò

Àwa mẹ́rin ni a wà ní àgbàlá àwọn tí a dájọ́ ikú fún nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti mú àwọn mẹ́ta yòókù lọ. Èmi nìkan ló kù, mo ń retí èsì ìwé ẹ̀bẹ̀ àánú tí mo kọ sí ìjọba. Bí kọ́kọ́rọ́ bá dún lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń dìde dúró. N kò ní sọ ju ohun tí mo ṣe lọ.

Tíṣà ni mí ní Ìgbó-Ọrà. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, ẹgbẹ́ àpapọ̀ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá ní gbogbo Nàìjíríà ń wá àwọn ọ̀dọ́ tó lè sáré. Èmi ni wọ́n ní kí n kó ti Ìbàràpá jọ. Wọ́n fún mi ní ìwé òfin: kí n kọ ọjọ́ orí oníkálukú bó ti rí, kí dókítà sì yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wò. Mo ka òfin wọ̀nyí sí ìyọnu àwọn ará ọ́fíìsì.

Ohun kékeré ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ìdèrè kan fi ọdún kan ju ọjọ́ orí tí wọ́n fẹ́ lọ. Mo dín in kù lórí ìwé. Ó gba ife-ẹ̀yẹ ní Ẹ̀rúwà, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà ni mo rí Táíwò, ọ̀kan nínú ìbejì tó jẹ́ ọmọ obìnrin àgbẹ̀ kan ní ọ̀nà Ìgàngàn. Kò sẹ́ni tó lè bá a nínú eré máìlì kan. Wọ́n ti sọ fún mi pé bó bá yege ní Ìbàdàn, èmi ni n ó máa kọ́ àwọn eléré ìpínlẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n bó bá sáré tán, a máa di àyà mú, ètè rẹ̀ a sì dúdú. Mo mọ̀ pé dókítà kò ní jẹ́ kó kọjá.

Mo pe Kẹ́hìndé, èkejì rẹ̀. Ìyá wọn nìkan ló lè dá àwọn méjèèjì mọ̀.

"Bá mi lọ jókòó níwájú dókítà lórúkọ Táíwò."

Ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, òun ló kọ́kọ́ wá tọ́ ayé wò fún mi. Ṣé kí èmi náà wá lọ tọ́ dókítà wò fún un?" Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Àbí nǹkan ń ṣe é ni?"

"Ó rẹ̀ ẹ́ lásán ni."

Irọ́ ni mo pa. Dókítà gbọ́ àyà Kẹ́hìndé, ó ní ó le koko, ó sì fi òǹtẹ̀ lu ìwé Táíwò.

Ní Ìbàdàn, Táíwò ṣubú nígbà tó ku ìyípo kan. Kò dìde mọ́.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ mẹ́jọ, ẹgbẹ́ àpapọ̀ kọ̀wé pé àwọn ń bọ̀ wá ṣe ìwádìí. Kẹ́hìndé wá bá mi ní yàrá tí a ń kó ohun èlò eré sí.

"Tíṣà, n ó sọ fún wọn o."

"Wọ́n á mú ìwọ náà."

"Kí wọ́n mú mi! Màmá ń bi mí pé dókítà wo ló ní ara Táíwò le. Kí ni kí n wí?"

"Jọ̀ọ́, dákẹ́. Ayé mi lo fẹ́ bàjẹ́ yìí."

"Ẹ̀yin ṣì ní ayé, Tíṣà."

Ó kẹ̀yìn sí mi. Irin róbótó tí àwọn ọmọléèwé máa ń jù lọ́jọ́ ìdíje wà nítòsí. Mo gbé e. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fi lù ú lórí. Kò ké. Ibẹ̀ ló kú sí.

Ní kóòtù, òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ní, "A kò ṣe òfin dókítà láti dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọmọ ti kú mọ́ wa lọ́wọ́ rí." Wọ́n bi ìyá àwọn ìbejì bóyá ó mọ̀ mí. Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Òun ni mo fi wọ́n lé lọ́wọ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń sáré, tí ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù, mo bẹ̀ yín. Bí àgbàlagbà kan bá ní kí ẹ gba ẹ̀yìn òfin, bó ti wù kí ẹ bọ̀wọ̀ fún un tó, ẹ sọ nílé kí ẹ tó dá a lóhùn. Bí wọ́n bá sì ní ẹ kò yẹ, ẹ padà sílé. Ẹ ó bá ìyá yín láàyè, òun náà á sì bá yín láàyè.