Omi Wàláà Kọ́ Ló Pa Igi Dóńgóyárò Wa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Kódà ọkọ mi kò mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èèyàn rere kan wá tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ mi lórí ohun tí èmi fúnra mi ṣe. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyí.

Dansoman ní Accra là ń gbé. Mo ń ta mílíìkì, ṣúgà àti ìrẹsì níwájú ilé. Igi dóńgóyárò mẹ́ta wà láàárín ṣọ́ọ̀bù mi àti títì. Abẹ́ wọn ni Àáfà ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní kéú. Bí wọ́n bá fọ wàláà, pákó tí wọ́n ń kọ kéú sí, tán, ìdí igi ló máa ń da omi rẹ̀ sí, kí ẹnikẹ́ni má baà fẹsẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Àwọn tó ń sọ̀ nínú ọkọ̀ trotro kì í rí ṣọ́ọ̀bù mi, ewé bò ó. Mo bá ń se omi iyọ̀, mo ń dà á sí ìdí igi ní gbígbóná láàárọ̀, kí àwọn ọmọ tó dé. Nígbà tó yá igi gbẹ, wọ́n gé wọn. Ọjà mi tà. Mi ò ní purọ́, inú mi dùn.

Àwọn ará àdúgbò ní tàdáwà tí wọ́n fi ń kọ̀wé sí wàláà, tó ń bá omi rẹ̀ lọ, ló pa igi. Àáfà náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́, mo dákẹ́.

Láti ìgbà náà ni eruku àti èéfín mọ́tò ti ń wọlé tọ̀ wá. Sèlí ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ ikọ́ fée. Nọ́ọ̀sì bi mí bóyá igi wà nítòsí ilé wa, ó ní ewé a máa gba eruku dúró kó tó dé imú èèyàn. Mo ní kò sí. Wọ́n ní ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Èmi ni mo dà á, ọmọ mi ló tọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àáfà bá Sèlí lórí àga nínú ṣọ́ọ̀bù, tó ń mí gúlegúle. Ó lóṣòó síwájú mi.

"Ìyá Sèlí, ẹ dákun, ẹ forí jì mí. Èmi ni mo pa igi tó ń bo ọmọ yín. Mo ti ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò máa kọ́ wọn."

Mo ní, "Ó ti tán, Àáfà. Mo ti forí jì yín."

Ó ṣàdúrà fún mi. Mo ṣe àmín.

Mi ò tíì sunkún. Ojú mi gbẹ, mo kàn ń tajà ni. Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni yóò dágbére fún àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni èèyàn ṣe ń gba àforíjìn tó ti fún aláìṣẹ̀ padà?